Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lórí Iyanrìn Gbaji: Ilẹ̀ Ló Ń Yan Kẹ̀kẹ́, Kì Í Ṣe Ojú

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àjọ aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé-epo kankan tí kò bá jìnnà tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ìlú Gbaji, tó wà lójú ọ̀nà láàárín Àgbádárìgì àti Sèmè, kò lè bọ́ nínú àṣẹ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, wọn kò sì ṣí Sèmè padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí owó lítà kan rẹ̀ kò pé ₦200 ti fò sókè dé nǹkan bíi ₦500.

Nínú ọdún mẹ́rin péré, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi han ará ẹnubodè pé ẹni tó bá gbé gbogbo ìrìn rẹ̀ lé epo bẹntiróòlù, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Àwọn bàbá wa ní ohun kan tí wọ́n ń gùn tí kì í mu epo. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ kan ti tún ń wá a kiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe Raleigh dúdú gíga ti àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ kẹ̀kẹ́ orí-òkè tó fúyẹ́, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò gùn jù, èyí tí a lè gùn lórí títì tí a sì lè gùn nínú igbó. Àwọn àgbà kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé òkè wo ló wà ní etí òkun Àgbádárìgì tí ẹnìkan yóò fi ra kẹ̀kẹ́ orí-òkè. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀. Inú ìtàn kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò tíì pé 150 ọdún láyé. Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé irú rẹ̀ tó pè ní Rover jáde ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ̀kẹ́ tó gbayì ṣáájú rẹ̀ ni èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga débi pé ẹni tó bá ré bọ́ láti orí rẹ̀ lè fi ọrùn ṣẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Rover, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran kan ní ìlú Belfast, ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Rọ́bà líle ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, gbogbo òkúta tí kẹ̀kẹ́ bá sì kọ lù ni egungun ẹni tó gùn ún ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i: afẹ́fẹ́ inú táyà ni ohun àkọ́kọ́ tó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ gbágungbàgun.

Ní àkókò yẹn kan náà, ní ọdún 1887, Frank Bowden bá ilé-iṣẹ́ kékeré kan da òwò pọ̀ ní òpópónà Raleigh ní ìlú Nottingham. Orúkọ òpópónà yẹn ló di orúkọ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi mọ kẹ̀kẹ́ rere. Raleigh, Hercules, BSA, Phillips àti Rudge tẹ̀ lé ọ̀nà òwò ìjọba amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ilé-ìtajà ńlá bíi UAC àti John Holt sì ń tà wọ́n. Owó kòkó ló jẹ́ kí wọ́n pọ̀ ní ìgbèríko. Àgbẹ̀ tó bá ta kòkó dáadáa yóò ra aṣọ, yóò ra páànù ilé, yóò sì ra kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ fi di àmì ipò. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé-ìwé, wolé-wolé ń gùn ún lọ wo àmù àti ààtàn, akọ̀wé kóòtù, olùgbà-owó-orí àti oníwàásù tó ń bójú tó ìjọ mẹ́ta ń gùn ún láti abúlé dé abúlé. Adẹ́mu náà ń gùn ún pẹ̀lú kèrègbè tó so mọ́ ẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ohun fífúyẹ́. Irin ni gbogbo ara wọn. Táyà wọn ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ kò ju ínńṣì kan àtààbọ̀ lọ. Ọ̀pá irin ló ń fa bíréèkì wọn, àpótí irin bo ṣéènì mọ́lẹ̀, odindi kẹ̀kẹ́ kan sì lè tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 20. Síbẹ̀ wọ́n bá iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe mu. Ojú ọ̀nà amọ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rìn, ẹrù wúwo ni wọ́n ń gbé, ẹni tó rà wọ́n sì retí pé ọmọ òun yóò jogún wọn. Kì í ṣe ẹwà ló jẹ́ kí bàbá wa fẹ́ràn Raleigh. Ó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó gbà àpò kòkó, kò sì tẹ̀.

Ọwọ́ àwọn tó ń tò ó

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìtàn kì í mẹ́nu bà. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò wá kì í ṣe odindi nígbà gbogbo. Inú àpótí ni ẹ̀yà ara rẹ̀ máa ń wà, ọwọ́ àwọn aṣàtúnṣe kẹ̀kẹ́ wa ló sì ń sọ ọ́ di ohun gígùn. Àwọn ni wọ́n ń hun sípókì mọ́ rímù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ojú àti ìka wo bóyá ó ń yí lọ́gbọọgba tàbí ó ń mì. Wọ́n tún mọ ohun tí Nottingham kò mọ̀. Bí oníbàárà bá jẹ́ aláàárù ọjà, wọn yóò fi ibi ìgbẹ́rù tó nípọn kún ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ tó ń padà sílé lálẹ́, wọn yóò fi dáínámò tí yóò máa tan iná sí i. Bí fọ́ọ̀kì bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ ni wọn yóò gbé e lọ bá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọjà òyìnbó di ọ̀wọ́n, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ohun àtijọ́ ń retí kí ó tó lè padà sójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yíyan kẹ̀kẹ́ àti títò ó pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àti ẹrù ti fẹ́ kì í ṣe àṣà tuntun láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó ti wà lábẹ́ igi ọ̀dàn wa, níwájú ṣọ́ọ̀bù pákó, kí àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀jáfáfá kẹ̀kẹ́ lónìí tó dáyé. Ìjọba pàápàá mọ ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ máa ń san owó láísẹ́ǹsì fún ìjọba ìbílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 kò pa á tì. Nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni fífún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì. Ní Àgbádárìgì, níbi tí ọ̀sà ti pín ilẹ̀ sí méjì, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi tí òfin tò pọ̀ yìí jẹ́ ìbejì lóòótọ́: ibi tí ọ̀kan bá dé ni èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe sọ ọ́ nù

Ní òdìkejì ẹnubodè, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, àwọn ará Ògù tó jẹ́ ẹbí àwọn ará Gbaji, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò fún owó. Taxi-kannan ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémidjan gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, owó epo rọ̀bì ti àwọn ọdún 1970 mú mọ́tò wọ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó dé Sèmè náà sì jáde ní àkókò yẹn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀kadà dé, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ológeere fi di ohun tí wọ́n fi ń bú ènìyàn. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣì ń gùn ún, kò rí ṣe ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ yí padà: bí o bá sọ “kẹ̀kẹ́” ní Èkó lónìí, kẹ̀kẹ́ Maruwa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò kọ́kọ́ rò.

Àwọn tó mọ sípókì í hun darúgbó, àwọn ọmọ wọn sì lọ kọ́ iṣẹ́ alùpùpù. Àdánù yìí burú ju ti kẹ̀kẹ́ lọ, nítorí pé owó lè ra kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè ra ìmọ̀ lọ́jọ́ kan.

Àwọn ọmọ Kalifọ́níà àti irin àtijọ́

Ní àkókò tí àwa ń gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ń wá irú rẹ̀ kiri nínú pàǹtí. Kẹ̀kẹ́ Schwinn ti àwọn ọdún 1930 àti 1940 ni wọ́n ń wá, wúwo bí irin ọ̀nà, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ nípọn. Wọ́n ń yọ gbogbo ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ dànù, wọ́n ń fi bíréèkì alùpùpù àti ọwọ́ tó fẹ̀ sí i, wọ́n sì ń gùn ún sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní ọ̀nà kan tí wọ́n sọ ní Repack. Ìdí orúkọ náà ni pé bíréèkì ẹ̀yìn máa ń gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ yóò jóná, wọn yóò sì ní láti tún òmíràn dì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó tún gùn ún.

Ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, ló kọ́kọ́ jókòó ní ọdún 1977 láti ṣe férémù tuntun fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly dá òwò sílẹ̀ tí wọ́n pè ní MountainBikes, Tom Ritchey ló sì ń jó férémù wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde fún gbogbo ọjà. Nǹkan bí ọdún 1989 ni ṣọ́ọ̀kì RockShox dé fún iwájú kẹ̀kẹ́, kò sì lè tẹ̀ wọlé ju nǹkan bíi mílímítà 50 lọ. Ní ọdún 1996, ìdíje kẹ̀kẹ́ orí-òkè wọ inú Òlíńpíìkì ní Atlanta.

Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀kì ti ń gùn sí i. Àwọn tó ń já láti orí àpáta lo èyí tó tó mílímítà 200. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé ẹni tí kì í já láti orí àpáta ń gbé ẹrù tí kò nílò ni. Ohun tó bí kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè nìyẹn: èyí tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ju mílímítà 100 sí 130 lọ, tí odindi rẹ̀ sì wà láàárín kílò 11 sí 13. Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe jọ tiwa. Irin àtijọ́, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, àti ilẹ̀ tó ń pàṣẹ. Ohun tí aṣàtúnṣe wa ń ṣe fún aláàárù ni àwọn ọmọ Marin ṣe fún ara wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́, àwa sì jẹ́ kó kú.

Ohun tí Rwanda rí

A kò ní láti máa fi Amẹ́ríkà nìkan ṣe àpẹẹrẹ. Ní òpin ọdún 2005, Tom Ritchey yìí kan náà rin ìrìn-àjò lọ sí Rwanda, orílẹ̀-èdè olókè. Ó rí àwọn àgbẹ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ onígi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Láti inú ìrìn-àjò náà ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kan ti jáde, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn kí ó lè gbé àpò kọfí. Ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ náà sì dìde níbẹ̀. Adrien Niyonshuti, tó pàdánù ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ nínú ìpakúpa ọdún 1994, gun kẹ̀kẹ́ orí-òkè fún Rwanda ní Òlíńpíìkì London ọdún 2012. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali gba ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì àgbáyé lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ènìyàn yìí kò kọ́kọ́ wá kẹ̀kẹ́ ìdíje. Iṣẹ́ ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ṣe, eré sì hù láti inú iṣẹ́ náà.

Iyanrìn ni òkè tiwa

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Gbaji. Òtítọ́ ni pé kò sí òkè níbẹ̀. Iyanrìn ni ó wà: iyanrìn abẹ́ igi àgbọn, iyanrìn etí òkun, àti ọ̀nà abúlé tí òjò ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ wọ iyanrìn rírọ̀ rí mọ̀ pé ó ń fa ènìyàn sẹ́yìn bí ẹni tó ń gun òkè. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti Raleigh yóò gé e wọlé bí ọ̀bẹ, yóò sì rì. Táyà tí ìbú rẹ̀ tó ínńṣì 2.2 sí 2.4, tí a kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ le jù, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn, yóò sì kọjá. Ọgbọ́n Dunlop ni a tún padà sí yìí. Nítorí náà, táyà ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń to kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní etí òkun náwó lé.

Ohun kejì ni ìwúwo. Ará etí ọ̀sà kì í gun kẹ̀kẹ́ nìkan, ó tún máa ń gbé e. Yóò gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ ní èbúté, yóò sì tì í níbi tí iyanrìn bá ti jìn jù. Kílò 12 yàtọ̀ sí kílò 20 fún ẹni tó dúró sínú omi tó dé orúnkún. Ohun kẹta ni jíà. Èyí tó ní irin eléyín kan ṣoṣo níwájú, tí ti ẹ̀yìn sì tóbi tó láti mú ẹsẹ̀ rọrùn, ti tó, nítorí pé bí ẹ̀yà bá ti kéré tó ni iyanrìn kò fi ní rí ibi sá pamọ́ sí.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, mílímítà 100 sí 120 níwájú ti pọ̀ tó fún kòtò àti gbòǹgbò tó wà ní agbègbè yìí. Ti ẹ̀yìn dára fún ẹni tó lówó, ṣùgbọ́n ó ní oríkèé púpọ̀, béárìn sì wà nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ dání, iyọ̀ sì ń jẹ béárìn. Ẹni tí kò ní aṣàtúnṣe tó gbọ́n nítòsí, kí ó ra èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan. Férémù alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì àti ṣéènì rẹ̀ yóò dípẹtà. Kí a máa fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan án lẹ́yìn ìrìn etí òkun, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi òróró díẹ̀ sí ṣéènì. Bíréèkì onípáálí irin tí wáyà ń fà rọrùn láti tún ṣe ju èyí tí òróró inú páìpù ń tì lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ra tòkunbọ̀, kò sì burú. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo gíga férémù bóyá ó bá itan wọn mu, nítorí kò sí àtúnṣe fún èyí. Kí wọ́n wo ojú ibi tí wọ́n ti jó férémù pọ̀ bóyá ó ti là. Kí wọ́n yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò bóyá ó ń mì. Kí wọ́n tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ bóyá òróró ń jáde ní ọrùn rẹ̀. Kí wọ́n wo eyín ẹ̀yìn: bí ó bá ti mú ṣóńṣó bí eyín ẹja àkùràkudà, òun àti ṣéènì ni wọn yóò jọ pààrọ̀. Àwọ̀ àti orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni ó kẹ́yìn.

Ohun tó kù sí ọwọ́ wa

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ní Òlíńpíìkì Paris, àyè ṣàdédé ṣí sílẹ̀ fún Ese Ukpeseraye, ọmọbìnrin Nàìjíríà, láti díje nínú eré kẹ̀kẹ́ orí pápá. Kò sí kẹ̀kẹ́ irú eré náà fún un. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn, òun fúnra rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì bú àwọn alákòóso. Ṣùgbọ́n ìtàn kò bẹ̀rẹ̀ ní Paris. Orílẹ̀-èdè tó ti gbàgbé kẹ̀kẹ́ ní abúlé kò lè ṣàdédé rántí rẹ̀ ní pápá ìdíje.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí kẹ̀kẹ́ nínú ìwé òfin. Kò yẹ kí agbára náà jẹ́ ti gbígba owó láísẹ́ǹsì nìkan. Etí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà láìjẹ́ pé ọkọ̀ ńlá gbá a, ṣọ́ọ̀bù kan tí àgbà aṣàtúnṣe yóò ti máa kọ́ ọmọ ogún ọdún bí a ṣe ń hun sípókì, èyí kò kọjá ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ra kẹ̀kẹ́ orí-òkè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Kí ẹ sì wá àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ náà lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún ti ẹnubodè pa, tí ilé-epo sì tún gbẹ, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ tó bá iyanrìn rẹ̀ mu, tó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe, ni yóò dé ọjà.